Àjọ tí mo kó kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ní ilẹ̀ tàbí ilé tí yóò máa mówó wá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AránṣọÀpáta | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo ń ṣe ní Àpáta, ní Ìbàdàn níbí. Ọmọ méjì ni mo ní, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́ wọn. Ní oṣù tí ọjà bá dára, tí mo bá ti yọ owó ilé, owó iná àti owó oúnjẹ, ó máa ń ṣẹ́ kù bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 40 náírà. Ní oṣù tí kò bá dára, kò sóhun tó ń ṣẹ́ kù. Mo kó àjọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 650 ni.

Onílé mi ti fi owó lé owó ilé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì. Mo ti pé ọdún 37, mi ò fẹ́ darúgbó sínú ilé onílé. Mo rí ìpolówó kan lórí Facebook: ilẹ̀ ní apá Mọ́níyà, kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 lákọ̀ọ́kọ́, kí n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 24. Ajẹ́ńtì náà ní owó ilẹ̀ máa gbéra tí oṣù yìí bá parí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yára. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi owó náà ra maṣíìnì tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá. Orí mi ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ỌmọLálúpọn | Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín. Ọdún 2017 ni mo ra háàfù pùlọ́ọ̀tì ní Lálúpọn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 180 ni. Nígbà yẹn ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé ibẹ̀, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ń bi mí bóyá oko ni mo fẹ́ lọ dá. Lónìí iná ti dé àdúgbò náà, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni méjì ló wà nítòsí mi. Ẹni tó bá ní òun á dúró kí owó pọ̀ kí òun tó ra ilẹ̀, ilẹ̀ kò ní dúró dè é. Ẹ má bá kọ́ńpìnnì lọ. Ẹ wọ abúlé lọ bá onílẹ̀ fúnra rẹ̀. Èmi gba ríṣíìtì, mo gba àgírímẹ́ǹtì, ó tán.

BàbáAlájọ | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ọmọ mi, kí a tó dé orí ilẹ̀: ṣé owó yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ? Owó ilé-ìwé oṣù kẹsàn-án ńkọ́? Bí ara ọmọ kan bá gbóná lóru, ibo lo máa fọwọ́ bọ̀?

AránṣọÀpáta | Ọjọ́ Ajé, 9:27 alẹ́

Ẹ ṣé, bàbá. Òun nìkan ni o, sà. Owó ilé-ìwé àwọn méjèèjì tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 90 ní táàmù kan. Mi ò tíì yọ ọ́ sọ́tọ̀.

BàbáAlájọ | Ọjọ́ Ajé, 9:44 alẹ́

A jẹ́ pé kì í ṣe 650 lo ní nìyẹn. Yọ 90 ti ilé-ìwé. Yọ owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta, fi í síbi tí ọwọ́ rẹ kò ti ní tètè dé. Ohun tó bá kù la lè pè ní owó ilẹ̀. Láti ọdún 1994 ni mo ti ń gba àjọ. Mo ti rí ẹni tó ra ilẹ̀ ní oṣù kìíní, tí àìsàn dé ní oṣù kẹrin, tó sì ta ilẹ̀ náà ní ìdajì owó. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ ti mọ̀ pé o ò lè dúró, kò ní san iye tó tọ́.

TíṣàÒjòó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀

Àǹtí Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán kí ẹ tó fún ajẹ́ńtì yẹn ní kọ́bọ̀.

Ọdún 2020 ni èmi náà wọ irú ètò san-díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni mí. Kọ́ńpìnnì kan fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ wo ilẹ̀, wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ilẹ̀ náà tẹ́jú, wọ́n ti kọ́ géètì tó rẹwà sẹ́nu ọ̀nà. Mo san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 80 lákọ̀ọ́kọ́, mo sì ń san 35 lóṣooṣù. Nígbà tó di oṣù kẹrìnlá, wọ́n dá owó oṣù wa dúró níbi iṣẹ́, mi ò lè san fún oṣù méjì. Ìgbà tí mo padà dé, wọ́n ní ìwé tí mo fọwọ́ sí sọ pé ẹni tó bá fi oṣù méjì sílẹ̀, àdéhùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí mo bá fẹ́ gba owó mi, wọ́n á yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn tó máa ra ibẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀, mo san owó ìtanràn, wọ́n jẹ́ kí n máa bá a lọ.

Mo san án tán. Ìgbà náà ni wọ́n wá gbé owó mìíràn kalẹ̀: owó sọ́fè, owó àgírímẹ́ǹtì, owó pípín ilẹ̀, owó ìdàgbàsókè àdúgbò. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lójú ewé kẹrin ìwé tí mo fọwọ́ sí, èmi ni mi ò kà á. Ibi tí wọ́n sì wá wọ̀n fún mi kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ géètì tí a jọ dúró sí lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ odò ni, omi máa ń dúró síbẹ̀ lásìkò òjò.

Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí. Ọmọ àbúrò màmá mi ra tirẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì mìíràn, ó ti ń kọ́lé sí i báyìí. Ṣùgbọ́n òun béèrè kó tó sanwó: iye tí gbogbo owó máa jẹ́ títí dé ọjọ́ tí ìwé máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oṣù kan bá fò, ọjọ́ tí wọ́n máa fi orí ilẹ̀ gan-an hàn án, àti bí wọ́n á ṣe dá owó padà. Ó ní kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín sọ pé oṣù kan wà tí nǹkan kan kì í ṣẹ́ kù. Oṣù 24 gùn fún ẹni tí owó rẹ̀ kì í wọlé bákan náà lóṣooṣù.

SọféyọÌbàdàn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:35 àárọ̀

Tíṣà ti sọ ti owó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ gan-an, nítorí ó ti pé ọdún 19 tí mo ti ń wọn ilẹ̀ ní ìlú yìí.

Ilẹ̀ méjì lè fara ti ara wọn, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹbí, kí ìjọba sì ti gba ìkejì láti ọjọ́ pípẹ́ fún ọ̀nà tàbí fún iléeṣẹ́. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, igi kòkó kan náà ló wà lórí méjèèjì. Sọféyọ̀ ló máa mú ìwọ̀n ibẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e wò lórí máàpù ìjọba ní ọ́fíìsì Sọféyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní Sẹkitéríàtì, Agodi. Owó àyẹ̀wò yìí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀. Bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá kọ̀ kí sọféyọ̀ tiyín dé ibẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ní ti Mọ́níyà, ẹ rọra. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, tí ibùdó rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ta ilẹ̀ lágbègbè yẹn, títí kan àwọn tí kò ní in. Ọ̀nà Circular Road tí wọ́n fẹ́ fi yí Ìbàdàn ká tún wà níbẹ̀ láti rò, kìlómítà 110 ni, ó sì gba inú ilẹ̀ àwọn èèyàn tó ti fowó rà á. Mo ti dúró ti obìnrin kan lórí fáúńdéṣọ̀n rẹ̀ nígbà tí mo ní láti sọ fún un pé ojú ọ̀nà ló kọ́lé sí. Mi ò fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀rọ̀ "pùlọ́ọ̀tì". Ní Ìbàdàn, 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn bíi 464 mítà onígun mẹ́rin. Lápá Èkó, 60 sí 120 ni, bíi 669. Ẹni tó bá polówó "háàfù pùlọ́ọ̀tì", ẹ bi í pé ìdajì èwo. Kí wọ́n kọ iye mítà sínú ìwé.

Àbúrò ỌmọLálúpọn, inú mi dùn sí ohun tí ẹ ní. Ṣùgbọ́n "ríṣíìtì àti àgírímẹ́ǹtì, ó tán" kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ kọ́ ẹlòmíràn. Ta ló fọwọ́ sí ìwé yín?

ỌmọLálúpọn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ bàbá tó ni ilẹ̀ ló fọwọ́ sí i, òun náà ló gba owó. Bàbá ti ṣaláìsí nígbà yẹn. Láti 2017, kò sẹ́ni tó yọ mí lẹ́nu.

Lọ́yàÌyágankú | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Àbúrò, ẹ jókòó kí ẹ ka èyí dáadáa.

Bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, tí ó sì jẹ́ pé àṣà ilẹ̀ wa ló de ogún rẹ̀, ilẹ̀ náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Ọmọ kan kò lè dá a tà. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, lójú òfin àfi bíi pé títà náà kò wáyé rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ìdílé létí, ó lè dúró, ṣùgbọ́n wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n wọ́gi lé e. Nítorí náà, lọ́dọ̀ wa níbí, Mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan náà fọwọ́ sí i, kí ẹ ya fọ́tò wọn níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

Tiyín kò tíì bàjẹ́. Ẹ wá àwọn ọmọ bàbá yẹn tó kù nísinsìnyí tí ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín ṣì wà láàyè, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tuntun pé àwọn gbà sí títà náà. Ó lè ná yín ní owó díẹ̀. Ẹ ná an. Ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá wọ́n sí i tí àwọn ọmọ-ọmọ bá dàgbà.

Ẹ má sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ní ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn bí ìdílé ṣe tẹ ibẹ̀ dó, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́ títí, àti níní ilẹ̀ tó fara tì í. Ìwé kàn jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ni. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ẹ mọ fẹ́ǹsì kúkúrú, ẹ jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò mọ ojú yín.

Àǹtí Aránṣọ, láti ọdún 1978 ni Òfin Lílo Ilẹ̀ ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè C of O, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ èèyàn lórí ilẹ̀, tàbí ìfọwọ́sí gómìnà bí ilẹ̀ tó ti ní C of O bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ tálákà kì í lè ṣe é lọ́dún tí wọ́n ra ilẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n owó sọféyọ̀ àti owó lọ́yà wà lára owó ilẹ̀. Bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ 400, ẹ má ra ilẹ̀ 400.

ỌmọLálúpọn | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:58 ọ̀sán

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ èyí. Àwọn ọmọ bàbá náà mẹ́fà ni. Mo máa lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú. Àǹtí Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti àwọn lọ́yà ṣe, mo ti yára sọ̀rọ̀.

ÀdùkẹHouston | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ọ̀sán

Mo kí gbogbo ilé láti Houston. Níbí, ohun tí àwa tí owó wa kò pọ̀ máa ń ṣe ni pé a ó ra ilé oní-ìdílé méjì tàbí mẹ́ta, a ó gbé apá kan, a ó fi ìyókù háyà. Ètò FHA, ìyẹn ètò ẹ̀yáwó ilé ti ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ kí ẹni tí máàkì kírẹ́díìtì rẹ̀ (máàkì tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí) bá tó 580 mú ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé wá, kí báńkì yá a ní ìyókù. Dandan ni kí ẹ máa gbé inú ilé náà fún ọdún kan ó kéré tán. Bí èmi àti ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, owó tí ayálégbé ń san ló ń gbé ìdajì gbèsè. Ṣé kò sí irú rẹ̀ nílé ni?

TíṣàÒjòó | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí Houston, ẹ kú àdúrótì. Èlé báńkì níbí ti kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kò sí ayálégbé tí owó rẹ̀ lè gbé e. Èyí tó jọ ọ́ díẹ̀ ni NHF, ìyẹn àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, òfin rẹ̀ ti wà láti 1992. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún èèyàn lóṣooṣù ni wọ́n ń dá síbẹ̀, Federal Mortgage Bank ló ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èèyàn lè béèrè ẹ̀yáwó ilé, èlé rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti báńkì ìṣòwò. Ẹni tí kò bá yá a máa gba ohun tó dá padà tó bá pé ọdún 60. Ṣùgbọ́n báńkì máa béèrè ìwé ilẹ̀ tó dájú, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé owó ń wọlé déédéé. Ibẹ̀ ló ti máa ń há fún aránṣọ àti ẹlẹ́ja. Àǹtí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá a báyìí fún ọjọ́ iwájú, kò ní yanjú ti ọdún yìí.

Akọ̀wéBódìjà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:03 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí ọ̀pọ̀ wa kì í dárúkọ. Owó ilé wà tí èèyàn lè jẹ láìra ilẹ̀ rárá. Wọ́n ń pè é ní REIT. Àwọn èèyàn á kó owó jọ, wọ́n á fi ra ilé ńlá àti ọ́fíìsì, wọ́n á háyà wọn, wọ́n á sì pín owó ilé náà fún gbogbo ẹni tó ní ìpín. UPDC REIT wà lórí ọjà ìpín wa láti ọdún 2013, ìpín rẹ̀ kan kò sì tó owó búrẹ́dì kan. Ẹ máa nílò àkáǹtì lọ́dọ̀ stockbroker, ìyẹn alágbàtà ìpín, tí SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ìpín, fún ní ìwé àṣẹ. Mo ń rà á pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún 10 lóṣooṣù. Owó tí wọ́n ń pín kì í pọ̀, iye ìpín náà sì lè wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn, mo lè tà á, kí owó dé ọwọ́ mi láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ilẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

BàbáAlájọ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 alẹ́

Èmi ò lóye ohun tí mi ò lè fẹsẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí o sọ pé ó tètè ṣeé tà yẹn wọ̀ mí lára. Owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta ọmọ yìí ni kó má fi ṣe é o.

AlhajaỌmíAdió | Ọjọ́ Rú, 10:12 àárọ̀

Aránṣọ, ọmọ mi, wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ríra títí. Ṣọ́ọ̀bù tí o ń jókòó sí rán aṣọ, ta ló ni ín?

Mi ò ní ilẹ̀ kankan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2014, bàbá àgbàlagbà kan ní ilẹ̀ gbọọrọ níwájú ilé rẹ̀ nítòsí títì, koríko ló ń hù níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sí i, kí n máa gba owó wọn fún ọdún mẹ́jọ, lẹ́yìn náà kí ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀. Bàbá rò ó fún oṣù kan. A kọ ìwé lọ́dọ̀ lọ́yà, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i, títí kan èyí tó wà ní Kánò, mo fi bọ́ọ̀sì gbé ìwé ránṣẹ́ sí i. Àjọ mi pẹ̀lú ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo lò. Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo kọ́kọ́ kọ́. Owó ọdún kan tí ayálégbé rẹ̀ san ni mo fi gbé ìkejì dìde. Ní ọdún kẹta, owó mi ti wọlé padà, àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, èrè ni. Owó yẹn ni mo fi ra pùlọ́ọ̀tì ti ara mi ní Ìdó, mo san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàbá yẹn jáde láyé ní ọdún karùn-ún. Kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ kan wá, ó ní kí n kó ẹrù mi. Mo mú ìwé jáde, mo fi ibi tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí hàn án. Ó kí mi, ó lọ. Bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, àṣedànù ni gbogbo rẹ̀ ì bá jẹ́.

SọféyọÌbàdàn | Ọjọ́ Rú, 11:30 àárọ̀

Alhaja, ìmọ̀ràn yín dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tì í: etí títì ni ìjọba ti ń fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé. Òfin ní iye tí ilé gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ iwájú ilé ẹlòmíràn ni, mi ò ní fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ láìṣe àyẹ̀wò. Kọ̀ǹténà tàbí ìsọ̀ onípáákó ni màá gbé síbẹ̀, kí n lè gbé e kúrò.

AlhajaỌmíAdió | Ọjọ́ Rú, 12:05 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Tiwa wọnú díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi kàn wá. Lóde òní, kọ̀ǹténà lèmi náà á gbé.

ÌyáÌbejìÒkèÀdó | Ọjọ́ Rú, 2:48 ọ̀sán

Ṣé kò sí ilé bàbá yín ni, Aránṣọ? Yàrá méjì ti wó lẹ́yìn ilé bàbá wa, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Mo fi owó àjọ tún wọn ṣe, mo pààrọ̀ páànù, mo kun ọ̀dà, mo fi wọ́n háyà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga. Kò sí ọmọ onílẹ̀, kò sí owó fáúńdéṣọ̀n tí ẹnì kan máa wá gbà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbà tọkàntọkàn.

Lọ́yàÌyágankú | Ọjọ́ Rú, 4:20 ọ̀sán

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n yín kọ ọ́ sílẹ̀? Owó tí ọmọ ẹbí bá ná sórí ilé ẹbí kì í sọ ilé náà di tirẹ̀, iye yòówù kó jẹ́. Ilé ẹbí ló ṣì ń jẹ́.

ÌyáÌbejìÒkèÀdó | Ọjọ́ Rú, 4:41 ọ̀sán

Lọ́yà, ọmọ ìyá kan ni wá. Tí mo bá gbé ìwé lọ fún wọn, wọ́n á ní mi ò fọkàn tán wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà, kò sí ìjà.

Lọ́yàÌyágankú | Ọjọ́ Rú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà yín gbọ́, màmá. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ni mò ń wò, àwọn ọmọ wọn ni. Abala ìwé kan tó tó: "A gbà kí àbúrò wa máa gba owó yàrá méjì yìí títí di ọdún báyìí láti fi gba owó rẹ̀ padà." Kí gbogbo yín fọwọ́ sí i níbi ìpàdé ẹbí, kí ó wà nínú ìwé ìpàdé. Kò ní dà bí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

ÌyáÌbejìÒkèÀdó | Ọjọ́ Rú, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn ṣeé ṣe. A máa ń pàdé nígbà iléyá. Ẹ ṣeun.

AjẹntìÌwóRoad | Ọjọ́ Bọ̀, 9:00 àárọ̀

Mo ń ṣe iṣẹ́ ajẹ́ńtì, ẹ sì ti ń bú wa láti ọjọ́ Ajé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. "Owó máa gbéra tí oṣù bá parí": ọ̀gá wa ló ń ní kí a sọ bẹ́ẹ̀ kí iye tí wọ́n ní kí a tà lè pé. Nígbà mìíràn ó máa ń gbéra lóòótọ́. Nígbà mìíràn, oṣù á parí, wọ́n á ní àwọn fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Àǹtí, ẹ má sáré nítorí rẹ̀.

Ọ̀nà míì sì wà tí kò gba owó. Aránṣọ mọ èèyàn. Ẹni tó ń wá yàrá, ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀, iwájú yín ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n wọ́n. Bí ẹ bá mú wọn mọ ara wọn, tí wọ́n sì ṣe pọ̀, wọ́n ń san ìdá 5 tàbí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kìkì kí ẹ má bá wọn gba owó ilẹ̀ sínú àkáǹtì yín, kí ẹ má sì fọwọ́ sọ̀yà lórí ilẹ̀ tí ẹ ò yẹ̀ wò.

AránṣọÀpáta | Ọjọ́ Bọ̀, 9:15 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Alhaja, ìbéèrè yín bá mi níbi tó dùn mí: mò ń san owó ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ti ṣófo láti oṣù méjì. Ìyá tó ni ín ní kí n gba méjèèjì. Ṣé mo lè gba ìkejì, kí n pín in sí méjì, kí n sì fi ìdajì háyà fún obìnrin onírun kan tó ń wá ibi jókòó?

Lọ́yàÌyágankú | Ọjọ́ Bọ̀, 9:40 alẹ́

Ẹ lè ṣe é bí onílé bá gbà, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gbà kí ẹ háyà apá kan fún ẹlòmíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè lé ẹ̀yin àti onírun jáde pọ̀. Kí owó onírun sì parí ní ọjọ́ kan náà tí tiyín máa parí.

AránṣọÀpáta | Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, 7:05 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá sọ ibi tí mo bá a dé.

Mo yọ owó ilé-ìwé. Mo yọ oúnjẹ oṣù mẹ́ta, ó wà lọ́wọ́ BàbáAlájọ. Kí Ọlọ́run bá mi ṣe é fún wọn. Mo béèrè nọ́ḿbà ìwé sọ́fè lọ́wọ́ ajẹ́ńtì Mọ́níyà, ó ní tí mo bá san owó àkọ́kọ́ tán ni wọ́n á fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò san. Oṣù ti parí, owó náà ò gbéra, ó ṣì ń pè mí.

Ìyá onílé fọwọ́ sí ìwé, ọmọ rẹ̀ obìnrin fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo san ẹgbẹ̀rún lọ́nà 120 fún ọdún kan lórí ṣọ́ọ̀bù kejì, mo fi 25 ṣe páákó tó pín in. Onírun san 75 fún ìdajì tirẹ̀. Ìdajì kejì ni mo gbé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi sí. Bí mo bá ṣe ìṣirò, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 70 ni àyè náà ná mi, ó sì ti jẹ́ kí n gba aṣọ ẹbí méjì tí mi ò bá má rí àyè rán. Maṣíìnì, mi ò tíì rà á. Mo ti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ní tí mo bá dá owó fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè yá mi ní ìlọ́po méjì ohun tí mo dá.

Màmá kan nínú ẹgbẹ́ náà fẹ́ ta háàfù pùlọ́ọ̀tì ní ọ̀nà Ìdó. Òun ló ni ín, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ sí i, bíkìn rẹ̀, òpó kékeré tí sọféyọ̀ rì sí igun ilẹ̀, ṣì wà nílẹ̀. Ó ní òun kò kánjú, òun á dúró dè mí títí di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. SọféyọÌbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ráyè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kí ẹ bá mi dé ibẹ̀? Mo ti kọ nọ́ḿbà tó wà lórí bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé.

SọféyọÌbàdàn | Ọjọ́ Àìkú, 7:48 alẹ́

Mo ráyè. Aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ sọ fún màmá náà kó wá, kó sì mú ọmọ rẹ̀ kan dání. Ẹ wọ bàtà tó le, ìgbẹ́ máa wà níbẹ̀.